Màlúù Tí Baálé Kò Lè Jẹ

Kí Yésúfù tó kírun àsùbáà tán, wọ́n ti pa màlúù náà. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí, bí ìgbà tí nǹkan ńlá bá wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n kò rò pé inú ilé òun ni. Ó sálámà, ó ká ẹní rẹ̀, ó sì ń bọ̀ wálé ní ìrọ̀rùn. Ọ̀bẹ tí ó ti pọ́n lálẹ́ àná wà lápò agbádá rẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Nígbà tí ó wọ àgbàlá, ó rí màlúù nílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ọrùn rẹ̀ pé láìsí ojú ọ̀bẹ níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń se oúnjẹ fún òyìnbó dúró tì í pẹ̀lú àáké. Ẹ̀yìn àáké ni ó fi gbá a lórí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pa á nílùú àwọn ọ̀gá òun nìyẹn.

Ilé tí à ń wí yìí wà ní Bẹ́yẹrúnkà, nílùú Ìbàdàn. Ìdajì rẹ̀ ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìdajì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ń fa omi nínú kànga kan. Wọ́n máa ń jiyàn lórí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jiyàn lórí ọ̀bẹ. Ìnáwó yòówù kí ó jẹ́, ti ìsọmọlórúkọ ni o, ti ìsìnkú ni o, ti Kérésì ni o, Ìmàle ni wọ́n ń fún ní ẹran pa. Onígbàgbọ́ lè jẹ ẹran tí Ìmàle dúńbú, Ìmàle kò lè jẹ èyí tí a kò dúńbú. Nítorí náà, ẹni tí ó ní èèwọ̀ ni kí ó pa á, kí gbogbo ẹnu lè jẹ. Ọgbọ́n ilé lásán ni, kò sí nínú Bíbélì, kò sí nínú Kùránì, àwọn baba wọn ni wọ́n fi orí ara wọn gbé e kalẹ̀, ó sì dára ju ìwàásù púpọ̀ lọ. Òwúrọ̀ ìgbéyàwó Louisa ni ẹnì kan rí i pé ó yẹ kí òun fọ́ ọ.

Ẹni náà jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú, agbòòrùn rẹ̀ wà láàrin ẹsẹ̀. Alàgbà Adégòkè ni, ará Òkè Bọ́lá, àbúrò baba ọkọ ìyàwó, ẹni ńlá nínú ìjọ. Oyèdélé, baba Louisa, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò Yésúfù ni Oyèdélé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Akọ̀wé ni ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, ó sì ti gba Ìgbàgbọ́ láti kékeré.

Yésúfù wo màlúù, ó wo àwọn méjèèjì.

“Ta ni ó ní kí ẹ pa á?”

“Ẹ káàárọ̀, Baálé,” ni Alàgbà wí. “Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Ìgbéyàwó mímọ́ ni ti òní. Pásítọ̀ yóò jẹun níbẹ̀, àwọn olùkọ́ yóò jẹun níbẹ̀. A kò lè gbé ẹran tí Ìmàle fọwọ́ kàn síwájú wọn.”

Àbúrò rẹ̀ ni Yésúfù kọjú sí.

“Oyèdélé, o mọ̀ sí i?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́…”

“Mo ní, ṣé o mọ̀ sí i?”

Oyèdélé ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà tuntun ni, ó ń dán. Yésúfù lọ jókòó sórí ẹní rẹ̀ níwájú yàrá, ó gbé ọ̀bẹ tí a fi aṣọ wé sórí orúnkún. Ó yẹ kí a sọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fa màlúù náà wá láti ọwọ́ Fúlàní, tí ó sì ń já koríko fún un títí ọjọ́ fi pé.

Lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin ti to ìkòkò sórí ààrò. Wọ́n ti lọ ata, wọ́n ti bẹ iṣu fún iyán. Àṣàkẹ́, ìyàwó Yésúfù, tí ó bí Fàsásì fún un, ni ó ń darí wọn. Òun ni ó tọ́ Louisa dàgbà nígbà tí ìyá tí ó bí i kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà sùn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti kọ́ rírìn. Nígbà tí wọ́n gbé agbada ẹran dé iwájú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀ pọ̀n-ún pọ̀n-ún. Ó fi ìka kan yí i padà.

“Ẹran tí wọ́n lù pa nìyí,” ni ó wí. “Òkúǹbete ni. Ẹ gbé e padà fún ẹni tí ó ni ín.”

Kò pẹ́ tí Oyèdélé fi dé. Àṣàkẹ́ kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí Oyèdélé ti wà nílé kí wọ́n tó gbé obìnrin náà wọlé bí ìyàwó. Akọ̀wé Mi ni ó ń pè é.

“Akọ̀wé Mi, ẹ wá wò ó. Ṣé èyí ni ẹ ní kí n sè?”

“Ìyá Fàsásì, ẹ bá mi sè é. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó jẹ ẹ́. Ẹ kàn sè é fún wa.”

“Ẹ kàn sè é.” Àṣàkẹ́ tún un sọ jẹ́jẹ́. “Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò tọ́ ọ wò?”

“A ó wá ẹni tí yóò tọ́ ọ wò.”

“Mo ti ń dáná nílé yìí ọjọ́ pẹ́, Akọ̀wé Mi. Mo ti sè fún yín nígbà tí ẹ̀ ń lọ sílé ìwé, mo sè nígbà tí ẹ gbéyàwó, mo sè nígbà tí ìyàwó kú. N kò tíì se ọbẹ̀ tí n kò gbọ́dọ̀ fi kan ahọ́n rí. Ẹrú ni wọ́n ń ní kí ó se ohun tí kò gbọ́dọ̀ tọ́ wò. Wọn kò gbé mi wọ ilé yìí bí ẹrú.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí ìró, ó sì jókòó. Sìdí, ìyàwó ilé tí ó kéré jù, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi kúrò lábẹ́ ìkòkò, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń fi wọ́n gún ilẹ̀ títí iná orí wọn fi kú. Àwọn ìyàwó yòókù sọ ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. Nínú wọn, àwọn méjì jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn náà sọ tiwọn sílẹ̀.

Adéyẹ́misí, aládùúgbò tí ó wá bá wọn gún iyán, kò sí nínú ẹ̀sìn méjèèjì. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé tirẹ̀. Obìnrin náà lẹ́nu bí abẹ, ó sì ń wá ibi tí yóò ti lò ó láti òwúrọ̀.

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé. Àlejò ọ̀sán gangan ni ó wá di ẹni tí ń lé onílé nídìí àwo?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ju ètè lọ. Oyèdélé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní Alàgbà ni olórí ẹbí ọkọ, pé bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ìgbéyàwó lè bàjẹ́, pé ọmọ òun ti fi ọkàn sí ọmọkùnrin náà. Bí ó ti ń wí ni Alàgbà fúnra rẹ̀ dé, tí agbòòrùn ń gún ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Kí ni ó dé tí èéfín kò sí mọ́?”

Ó wo iná tí ó ti kú, ó wo Àṣàkẹ́ tí ó jókòó, ó sì yé e.

“Ohun tí mo ti ń sọ fún Oyèdélé náà nìyí. Àwa àti ẹ̀yin kò lè gbọ́ ara wa yé. Ẹ̀yin Ìmàle, kí ni ẹ mọ̀ ju kí ẹ máa forí kanlẹ̀? A kọ́ ilé ìwé, a kò rí yín. Reluwé dé, òyìnbó dé, ayé ń lajú, ẹ sì ta kú sínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìlú yìí gòkè gbọ́dọ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára yín. Bí ẹ kò bá sè é, ẹ dìde, n ó ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ìjọ.”

Irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà, ó sì ń bí ènìyàn nínú, nítorí ẹni tí ó ń sọ ọ́ a máa sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàánú ni. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ òrùlé àwọn tí ó ń bú ni ó dúró sí.

“Bàbá ọkọ ọmọ mi,” ni Àṣàkẹ́ wí, kò dìde, “ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìwé tí ọmọ yìí mọ̀, tí ẹ torí rẹ̀ wá fẹ́ ẹ, ta ni ó ń jí i ní ìdájí kí ó lè débẹ̀? Ta ni ó ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tí ó ń gbọ́ ábídí lẹ́nu rẹ̀ ní ìdí iná títí òun náà fi mọ̀ ọ́n kà? Èmi tí mo ń forí kanlẹ̀ ni.”

Yésúfù ti dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, kò sẹ́ni tí ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Alàgbà,” ni ó wí, “ọ̀bẹ tí ẹ kò fẹ́ yìí ni mo fi pa ẹran ìsọmọlórúkọ Louisa. Pásítọ̀ ayé ìgbà náà jẹ ẹ́, ó lá ìka, ó sì béèrè sí i. Ṣé ó ti di Ìmàle?”

“Ìgbà àìmọ̀ nìgbà náà.”

“Àìmọ̀ dára nígbà náà. Ebi kì í pa ẹnikẹ́ni.”

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Louisa ni ó jáde. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún un, bàtà ẹsẹ̀ kan ni ó ti wọ̀, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé. Oyèdélé ní kí ó padà wọlé, pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

“Mo fẹ́ bi yín léèrè ni, Pápà,” ni Louisa wí. “Nígbà tí a bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá ń jẹun, níbo ni ìyá mi yóò jókòó?”

Oyèdélé yíjú sí Alàgbà.

“Kí ni ẹ ó gbé síwájú Bàbá? Ṣé kí àwọn àlejò máa jẹ màlúù tí ó fà wá, kí òun tí ó jẹ́ baálé máa wò wọ́n lẹ́nu?”

“Louisa,” ni baba rẹ̀ wí, “a ó wá nǹkan fún wọn.”

“Ẹ máa wá a nísinsìnyí, sà. Èmi ò ní kúrò nílé yìí títí ẹ ó fi rí i.”

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lórí òkè. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ènìyàn ti ń jókòó. Alàgbà yọ aago rẹ̀ lápò, ó wò ó, ó sì nà án sí Oyèdélé kí òun náà wò ó. Louisa wọ bàtà kejì. Ó kọjá láàrin wọn, ó lọ sídìí ògiri níbi tí wọ́n so ewúrẹ́ ìdána mọ́, ewúrẹ́ dúdú kan tí ó sanra dáadáa, ó sì tú okùn rẹ̀.

“Àwa ni a mú ewúrẹ́ yẹn wá,” ni Alàgbà wí.

“Ẹ ṣeun, sà. Ohun tí a bá ti fi ṣe ìdána, ilé ìyàwó ni ó ni ín.”

Ó fa ewúrẹ́ náà dé iwájú Yésúfù, ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó na okùn sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Bàbá, ẹ bá wa pa á.”

“Aṣọ rẹ, ọmọ mi.”

“Ẹ pa á, sà. Èmi ni n ó dì í mú.”

Yésúfù tú aṣọ ara ọ̀bẹ, ó tẹ́ ewúrẹ́ sílẹ̀, ó yí i kọjú sí gábàsì. “Bisimilá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Louisa di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́. Nígbà tí ó dìde, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí etí aṣọ rẹ̀.

Alàgbà ṣí agbòòrùn rẹ̀.

“Ó dára. N ó sọ fún Olúdayọ̀ irú ilé tí ó fẹ́ fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo mọ̀ kò ní dúró dè ọ́.”

Ó jáde pẹ̀lú ìgbésẹ̀ gígùn, kúkù òyìnbó gbé àáké tẹ̀ lé e. Oyèdélé fọwọ́ lérí. Ó ní Louisa ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ti ara rẹ̀ jẹ́. Louisa fẹ́ràn Olúdayọ̀, kò sì mọ̀ bóyá yóò bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣàkẹ́ fà á mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Kò sọ fún un pé nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀, nítorí òun náà kò mọ̀.

“Ẹ dáná,” ni ó wí fún àwọn ìyàwó. “Ewúrẹ́ kan kò tó ilé, ṣùgbọ́n a ó gé e wẹ́wẹ́, yóò kárí.”

“Màlúù ńkọ́?” ni Adéyẹ́misí béèrè.

“Ẹni tí ó lù ú pa, kí ó wá sè é.”

Sìdí fi omi tútù àti iyọ̀ fọ etí aṣọ náà. Ẹ̀jẹ̀ náà rọ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Louisa ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ń sin ìyàwó lọ ṣọ́ọ̀ṣì nílé yìí, ẹnu ọ̀nà ilé ni àwọn Ìmàle ti máa ń ṣàdúrà fún un, wọn a sì padà sídìí ìkòkò. Kò sẹ́ni tí ó ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra ni wọ́n fi ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, Yésúfù ṣàdúrà tán, kò padà. Ó wọlé, ó wé láwàní, ó wọ agbádá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí lára, ó sì bọ́ síwájú ìyàwó. Àṣàkẹ́ fi ìkòkò lé Sìdí lọ́wọ́, ó da ìborùn bo orí, ó tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n gba àdúgbò Bẹẹrẹ kọjá. Àwọn tí ń pàtẹ ọjà dìde wò wọ́n.

“Ìmàle ni ó ń sin ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì yẹn?”

“Ọmọ rẹ̀ ni,” ni Adéyẹ́misí dáhùn láti ẹ̀yìn, òun náà ti tẹ̀ lé wọn, ó fi ọmọrí odó sílẹ̀. “Bí ọmọ tìrẹ bá ń lọ, sin tìrẹ.”

“Ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀.”

“Ẹran ni a pa. Ṣé ilé tìrẹ, ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń gbéyàwó?”

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, Yésúfù bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ó ti máa ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí. Kò wọlé. Òun àti Àṣàkẹ́ dúró síbẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti lè rí ẹ̀yìn orí ọmọ wọn. Oyèdélé di apá Louisa mú, wọ́n wọlé lọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kún, gbogbo ojú sì wà nísàlẹ̀ aṣọ rẹ̀.

Olúdayọ̀ wà níwájú. Alàgbà Adégòkè dúró tì í, ẹnu rẹ̀ wà létí rẹ̀. Louisa kò lè mọ ohun tí ó wà lójú ọmọkùnrin náà. Ó ń wo etí aṣọ rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀, kò gbé ojú kúrò níbẹ̀.

“Ṣé o fara pa ni?” ni Olúdayọ̀ bi í nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Rárá. Ewúrẹ́ ìdána ni a pa.”

“Ta ni ó pa á?”

“Bàbá ni. Èmi ni mo dì í mú.”

Olúdayọ̀ wo àbúrò baba rẹ̀. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Louisa.

“Ó dára,” ni ó wí. “Kí Pásítọ̀ tètè ṣe é, ebi ń pa mí.”

Alàgbà lọ jókòó, ó tẹ agbòòrùn mọ́lẹ̀. Pásítọ̀, ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Ó kà á títí ó fi dé ibi tí a ti ń béèrè ẹni tí ó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí. Baba ìyàwó ni ó máa ń dáhùn.

Oyèdélé fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó dúró sí, ó yí padà, ó sì gba àárín àwọn ènìyàn lọ sẹ́nu ọ̀nà, tí bàtà tuntun náà ń dún kò-kò-kò lórí ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tòun ti kóòtù. Yésúfù na ọwọ́, ó fà á dìde, àwọn méjèèjì sì wọlé, ẹnì kan wọ bàtà, ẹnì kan fi ẹsẹ̀ lásán rìn, láwàní funfun ń lọ láàrin àwọn fìlà àti gèlè. Àṣàkẹ́ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Pásítọ̀ tún béèrè, ó ní ta ni ó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí.

“Èmi Yésúfù ni,” ni ó wí. “Ọmọ mi ni.”

Alàgbà Adégòkè dìde. “Pásítọ̀, Ìmàle ni ọkùnrin yìí.”

“Mo rí i,” ni Pásítọ̀ wí. “Mo béèrè, ó sì dáhùn. Ẹ jókòó, Alàgbà.”

Ó lá ìka, ó ṣí ojú ìwé tí ó kàn.